Ẹni Tí Ọ̀pọ̀ Ẹnu Dárúkọ: Bí Ipò Kìíní Lórí Google Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Ohun Tó Fi Kan Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, rìsíìtì tàbí pósítà ìdìbò ní Èkó, Ṣómólú ni wọn yóò ní kó lọ. Láti Bajulaiye dé Shipeolu, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gba àdúgbò kan: ẹnì kan ń ta bébà, ẹnì kejì ń ṣe pléètì, ẹnì kẹta ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg, ẹlòmíràn ń gé, ẹlòmíràn ń fi ọ̀rá dídán bo èyí tí wọ́n ti tẹ̀, ẹlòmíràn sì ń di ìwé pọ̀. Iṣẹ́ kan lè gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún kọjá kí oníṣẹ́ tó gbé e lọ sílé. Kò sí ìjọba tó fi àṣẹ gbé òkìkí ìtẹ̀wé yìí lé àdúgbò náà lórí, kò sì sí pátákó ìpolówó tó ṣe é. Akọ̀wé ìjọ ló júwe rẹ̀ fún olùkọ́, olùkọ́ júwe rẹ̀ fún oníléeṣẹ́, oníléeṣẹ́ júwe rẹ̀ fún ẹni tó ń díje fún ipò káńsẹ́lọ̀. Lóde òní, kí oníbàárà tó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, fóònù ló ti kọ́kọ́ bi léèrè. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé gbà pé ayé mìíràn nìyẹn, ayé àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tó mọ oògùn tí wọ́n fi ń gbé ìkànnì sókè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ Ṣómólú di Ṣómólú náà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ipò lórí Google: ẹ̀rí láti ẹnu ẹlòmíràn.

Kí Google tó dé, ẹ̀rọ ìṣàwárí ti wà. AltaVista, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, wà lára àwọn tó lókìkí jù. Ohun tí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbára lé jù ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ojú ìwé fúnra rẹ̀: bí o bá ń wá ìtẹ̀wé, ojú ìwé tó bá ń pe ìtẹ̀wé léraléra ló rọrùn fún láti yọ sókè. Ìyẹn ni pé wọ́n ń fi ìpolówó ẹnu ọlọ́jà mọ ọjà tó dára, bẹ́ẹ̀ ta ni yóò pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní aláìdùn? Ní ọdún 1996, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Kalifóníà, Larry Page àti Sergey Brin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní BackRub. Wọn kò dúró lórí ohun tí ojú ìwé sọ nípa ara rẹ̀. Wọ́n lọ wo àwọn ojú ìwé mìíràn tó ń tọ́ka sí i. Èrò náà kì í ṣe tuntun láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Eugene Garfield ti gbé atọ́ka kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, tó ń fi hàn irú ìwé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ mìíràn dárúkọ nínú iṣẹ́ tiwọn. Page àti Brin gbé èyí wá sórí ayélujára, wọ́n sì rí i pé ìka tó ń tọ́ka kò dọ́gba. Bí ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí bá tọ́ka sí ọ, ẹ̀rí rẹ̀ wúwo ju ti ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Bí òun kan náà bá sì tọ́ka sí ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúwo ẹ̀rí náà di pípín sọ́nà ọgọ́rùn-ún. Kò sí ará Ṣómólú tí èyí yóò ṣòro fún láti lóye. Bí ẹni tó ti ń tẹ̀wé fún ogún ọdún bá ní "lọ bá lágbájá", ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ọmọ tó dúró lẹ́bàá títì tó ń fa gbogbo ẹni tó ń kọjá lápá. Ìṣirò náà ni wọ́n pè ní PageRank, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìwádìí wọn ní ọdún 1998, wọ́n sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ Google sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Stanford ló ni ẹ̀tọ́ lórí ìṣirò náà. Nígbà tí yunifásítì náà ta ìpín tí wọ́n fún un nínú ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2005, mílíọ̀nù 336 dọ́là ló rí gbà. Ẹ̀rí ti di owó.

Ibi tí ẹ̀rí bá ti di owó, ẹlẹ́rìí èké kò ní í pẹ́ dé. Àwọn kan dá ọ̀pọ̀ ìkànnì òfìfo sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tọ́ka síra wọn lọ. Àwọn mìíràn ń fi lẹ́tà funfun kọ̀wé sórí ojú ìwé funfun, kí ẹ̀rọ lè kà á, kí ojú ènìyàn má sì rí i. Kì í sì í ṣe àwọn kékeré nìkan ló ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Google yọ ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ BMW ti Jámánì kúrò pátápátá nínú èsì rẹ̀, nítorí pé ojú ìwé tó ń fi han ẹ̀rọ ìṣàwárí yàtọ̀ sí èyí tó ń fi han ènìyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́ka tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ìkànnì tí kò jọ mọ́ ọjà láti fi gbé ilé ìtajà JCPenney sókè. Ilé ìtajà náà ní kì í ṣe òun ló rán wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ já wálẹ̀. Oṣù kan náà ni Google gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n pè ní Panda láti fi rẹ àwọn ojú ìwé tí kò ní láárí sílẹ̀; ní oṣù kẹrin ọdún 2012, òmíràn tí wọ́n pè ní Penguin kọlu àwọn tó ń ra ìtọ́ka. Bí BMW, pẹ̀lú gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀, kò bá lè fi ayédèrú dúró sókè, atẹ̀wé tó ń san owó fún ẹni tó ṣèlérí ẹgbẹ̀rún ìtọ́ka láàárín ọ̀sẹ̀ kan ń sọ owó náà sínú odò ni. Kó fi ra bébà sàn jù.

Google ní ìlànà ọ̀tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àdúgbò, ibẹ̀ ni oore Ṣómólú wà. Bí ẹnì kan ní Yábàá bá ń wá atẹ̀wé tó wà nítòsí, nǹkan mẹ́ta ni Google fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń wò: bóyá iṣẹ́ rẹ bá ohun tí onítọ̀hún ń wá mu, bí o ṣe jìnnà sí i tó, àti bí orúkọ rẹ ṣe lókìkí tó. Ti ìjìnnà ti yanjú, nítorí Ṣómólú kò jìnnà sí Yábàá, kò sì jìnnà sí Akọka tí Yunifásítì Èkó wà. Òkìkí ni ẹ̀rí àwọn oníbàárà àti ti àwọn ìkànnì mìíràn tó dárúkọ rẹ. Google ti ṣí ààyè kan sílẹ̀ tí oníṣòwò lè fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é láti ọdún 2021, kọ́bọ̀ kan wọn kì í gbà. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí mo rò pé ó ń pa àwọn atẹ̀wé wa lára, ìyẹn ni orúkọ. Ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1999 kọ ọ́ ní Shomolu, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní Somolu, àwa tó ń kọ Yorùbá bó ṣe yẹ ń kọ ọ́ ní Ṣómólú. Láti ọdún 2003 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá agbègbè ìdàgbàsókè Bàrígà sílẹ̀ lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀bù kan náà lè jẹ́ ti Bàrígà lórí pátákó, kó jẹ́ ti Shomolu lórí káàdì, kí nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí ti orí Instagram. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n lójú. Bí ẹ̀rí bá fọ́nká sórí orúkọ mẹ́ta, ó lè kà á sí ti ẹni mẹ́ta. Orúkọ kan, àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà kan níbi gbogbo ṣe é ju oògùn èyíkéyìí lọ.

Ti kí iṣẹ́ bá ohun tí ènìyàn ń wá mu, ìmọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn atẹ̀wé yìí pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ. Béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn, yóò sọ fún ọ kíá pé bébà 80 gráàmù tó fún ìwé lẹ́tà, pé káàdì ìpè ń fẹ́ nǹkan bí 300, pé owó pléètì kò yí padà bóyá àádọ́ta lo fẹ́ tẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, nítorí náà ẹni tó fẹ́ káàdì àádọ́ta kó gba ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lọ. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ sórí fóònù nìyí. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn wọn sí ìkànnì tirẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere, pẹ̀lú àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ni Google yóò rí ohun tó lè mú wá fún oníbàárà. Kó sì jẹ́ ìkànnì tó ṣe é kà lórí fóònù, torí láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni Google ti ń fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn atẹ̀wé kan yóò ní ọwọ́ alágbàṣe ni iṣẹ́ ti ń wá bá àwọn, pé kí ni àwọn fẹ́ fi ìkànnì ṣe? Alágbàṣe náà ni oníbàárà rí lórí fóònù, òun ló sì ń dá iye owó. Láti ọdún 2014 ni Printivo ti ń gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé lórí ayélujára ní Èkó. Ọjà kò sí lójú títì nìkan mọ́. Àwọn mìíràn yóò ní olówó ló ń ra òkè. Lóòótọ́, a lè sanwó ìpolówó, ṣùgbọ́n Google ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìpolówó ni, ọjọ́ tí owó bá tán ló sì ń kúrò. Àtakò tó wúwo jù ni pé Google kì í ṣe adájọ́ tí kò ní ire tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé ilé-iṣẹ́ náà tàpá sófin láti di ọjà ìṣàwárí mú fún ara rẹ̀ nìkan. Láti oṣù karùn-ún ọdún náà ló sì ti ń fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n dá ìdáhùn tirẹ̀ sókè èsì ní Amẹ́ríkà kó tó tàn dé ibòmíràn, tí ẹlòmíràn kò fi ní í dé ìkànnì ẹnikẹ́ni mọ́. Mi ò ní fi èyí pamọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rọ náà kò lè sọ ohun tí kò rí kà: ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ ènìyàn kò lè retí kí wọ́n dárúkọ òun.

Ríra ẹ̀rí lọ́wọ́ oníbàárà kò bá òfin Google mu, ó sì lè mú kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, ìwọ tí o tẹ ìwé ìpè rẹ ní Ṣómólú, tí lẹ́tà rẹ̀ mọ́, tí ó sì dé kí ọjọ́ ìnáwó tó pé, ṣí fóònù rẹ, wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, kí o sì kọ ohun tí ojú rẹ rí síbẹ̀.