Àfikún Géèmù Tí Ọmọ Wa Ń Bẹ̀bẹ̀ Fún: Ṣé Ó Yẹ Ká Rà Á?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá bá yín, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, owó àfikún géèmù ni mo fẹ́ gbà," kí lẹ máa fi dá a lóhùn? Nílé tiwa ní Ọ̀yọ́, èsì wa kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Rárá." A kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, a kò sì béèrè iye tó jẹ́. A ní ogun ni, ariwo ni, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kò parí o. Ọmọ náà, ẹni ọdún 15, mú owó ìwé Físíìsì tí a fún un, ó kó o fún ẹnì kan ní ìgboro tó ní òun lè bá a fi ayédèrú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní owó pọ́ọ́kú. Fíláàṣì tí ẹni náà kì bọ inú kọ̀ǹpútà ló kó àrùn ràn án. Géèmù kò ṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa ti ọdún mẹ́ta sì pa rẹ́ pátápátá. Nígbà tí ọmọ náà ń fi omijé jẹ́wọ́, ohun tó sọ dùn wá ju owó lọ: "Ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Ó jẹ̀bi, a sì bá a wí. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, àwa méjèèjì gbà lọ́dọ̀ ara wa pé a ti dájọ́ láì gbọ́ ẹjọ́. A pinnu láti wádìí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ ÀFIKÚN?

Àfikún kì í ṣe géèmù tó dá dúró. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ kọ́ yàrá kan mọ́ ilé rẹ̀. Bí ilé kò bá sí, kí ni a ó kọ́ yàrá mọ́? Èyí tí ọmọ wa ń fẹ́ ń jẹ́ The African Royals. Géèmù tí a ń fi kún ni Age of Empires III ti iléeṣẹ́ Microsoft, tó kọ́kọ́ jáde ní 2005, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2020. Àfikún náà jáde ní oṣù Kẹjọ 2021. Ohun tí a ń ṣe nínú rẹ̀ ni pé ká tẹ ìlú dó, ká dáko, ká ṣòwò, ká kó ọmọ ogun jọ, ká sì jagun. Ọmọ wa ti ní géèmù ìpilẹ̀. Ẹbí wa kan ní òkè òkun ló fi ta á lọ́rẹ.

OHUN TÍ A FOJÚ RÍ

Ọ̀kan nínú àwọn ará wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọmọ tó ń kàwé ní LAUTECH, tó ti ra àfikún yìí. Ní Sátidé kan, a wọkọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wa, a sì jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì.

Ẹ̀yà tuntun méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè mú ṣe tirẹ̀: Haúsá àti Etiópíà. Ẹran ọ̀sìn jẹ́ ọrọ̀ níbẹ̀, a sì lè tà á ní ọjà ẹran. Iyì náà dà bí owó: òun la fi ń bá àwọn ẹ̀yà mìíràn dá májẹ̀mú kí wọ́n lè gbè wá. Ogun wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ń díwọ̀n géèmù ní Amẹ́ríkà sì fi í sí ìpele àwọn ọmọ ọdún 13 sókè. Kì í ṣe ohun tí a ó gbé síwájú ọmọ ọdún méje.

Yorùbá ńkọ́? Yorùbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ lásán ni. Ẹni tó bá rò pé òun yóò jẹ Aláàfin nínú rẹ̀, ìjákulẹ̀ ló máa bá bọ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin Yorùbá tí a lè bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni wọ́n pè ní Ẹ̀ṣọ́.

Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti yíjú sí wa: "Bàbá, ta ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́?"

Ẹnu wa wọhò. Àwa tí à ń gba iwájú Ààfin kọjá lọ sí Akẹ̀sán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kò lè dáhùn! Nígbà tí a dé ilé, a wá ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jáde. Ìlú Ọ̀yọ́ yìí ni àlùfáà náà ti ṣiṣẹ́ Olúwa, ó parí ìwé náà ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ibẹ̀ la ti kà á pé 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, akọni jagunjagun Aláàfin, àti pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí wọn. Olóyè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà lórí oyè Kakaǹfò yìí títí wọ́n fi pa á ní oṣù Kìn-ín-ní 1966. A tún kọ́ pé ìhà àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, nítorí pé eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Alẹ́ mẹ́ta gbáko la fi jọ ka ìwé náà. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ OWÓ

Nínú Lúùkù orí 14, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Àwa náà jókòó. Nǹkan bíi dọ́là 10 ni wọ́n ń ta àfikún náà nígbà tó jáde. Ní 2021, dọ́là 10 jẹ́ nǹkan bíi ₦4,100 ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ. Ní 2024, dọ́là 10 kan náà ti kọjá ₦15,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún náà jẹ́ ₦70,000, èyí ni pé géèmù kan yóò gba ju ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré lọ.

Ẹ kò tíì ka dátà mọ́ ọn. Géèmù náà pẹ̀lú ìpilẹ̀ rẹ̀ ju gígábáìtì 40 lọ. Ẹ kò tíì ka epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ, tàbí kọ̀ǹpútà tó lágbára tó.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ilé tí kò bá ní kọ̀ǹpútà àti géèmù ìpilẹ̀, kó má wulẹ̀ dá a láṣà. Ilé tí owó iléèwé ń ni lára, kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń rà á nítorí Yorùbá, kó mọ̀ pé díẹ̀ ni yóò rí. Ìwé Johnson yóò fún un ní púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ilé tó ti ní ìpilẹ̀ rẹ̀, tí ọmọ ti tó ọjọ́ orí, tí àwọn òbí sì ṣe tán láti jókòó tì í, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kì í ṣe ayédèrú, nítorí olè jíjà ni ayédèrú.

Ní ti ọmọ wa, a fún un ní ìlànà mẹ́ta. Kó kọ́kọ́ san owó ìwé Físíìsì padà láti inú owó tó ń rí gbà níbi iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà ìsinmi. Lẹ́yìn náà, kó kó ìdajì owó àfikún jọ, àwa yóò fi ìdajì kún un. Bó bá sì rà á, wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé nìkan ni, nínú pálọ̀, kì í ṣe nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó ti san owó ìwé tán. Ti géèmù kò tíì pé. Ṣùgbọ́n bó bá ń fẹ́ nǹkan báyìí, ọ̀dọ̀ wa ló ń kọ́kọ́ wá, àwa náà sì ti kọ́ láti sọ pé, "Jókòó, kí ni o fẹ́ sọ?" Kí Olúwa fún gbogbo wa ní etí tí ń gbọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.