Bí Géèmù Ṣe Di Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ní Mpape, ládùúgbò olókùúta tó wà lẹ́yìn Maitama ní Àbújá, kò ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Tẹlifíṣọ̀n bíi mẹ́ta, PlayStation kọ̀ọ̀kan nídìí wọn, bẹ́ǹṣì onípákó, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo níta. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde fún ẹlòmíì. Ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́ tí kò tètè dé mọ ibi tí yóò wá a lọ, pàṣán á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n tò sínú músíọ́ọ̀mù ní London, Berlin àti New York, tí àgbàlagbà ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó fọwọ́ kàn án. Báwo ni ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ ṣe dé ibi tí wọ́n ń kó ohun iyebíye sí?

Ibi àfihàn gan-an ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1958, ilé ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún aráàlú kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ibẹ̀. William Higinbotham, onímọ̀ físíìsì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, mọ̀ pé ó máa ń tètè sú àlejò bó bá jẹ́ pé àwòrán ara ògiri nìkan ló ń wò. Ló bá so kọ̀ǹpútà mọ́ ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbì iná, ó sì fi tẹ́níìsì sí i: ìlà gígùn kan ni ilẹ̀, ìlà kúkúrú ni àwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ bíńtín sì ni bọ́ọ̀lù. Èrò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní láti gbá a. Wọ́n tún gbé e jáde lọ́dún 1959, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó èròjà rẹ̀ lọ fi ṣe nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ ní pípamọ́.

Ọdún 1972 ni géèmù wọ ọjà. Odyssey tí ilé-iṣẹ́ Magnavox tà, tó jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ Ralph Baer, wọ inú ilé. Pong tí Allan Alcorn ṣe fún Atari wọ ilé ọtí. Ìlú Sunnyvale ní California ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán Pong wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Alcorn pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tó ṣí i, kò sí ohun tó ṣe é: owó ẹyọ ló kún inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1976, ọmọ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jerry Lawson, ló ṣáájú àwọn tó ṣe Channel F fún ilé-iṣẹ́ Fairchild. Títí di ìgbà náà, géèmù tí wọ́n ti ṣe mọ́ inú ẹ̀rọ ni olúwarẹ̀ yóò máa gbá lọ. Channel F ló kọ́kọ́ jẹ́ kí èèyàn yọ káàtíríìjì géèmù kan kúrò kó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó ti yá káàtíríìjì tàbí díìsìkì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rí jẹ Lawson lọ́pẹ́.

Síbẹ̀, bí ayé ṣe ń gbá géèmù tó, pàǹtírí ni wọ́n ka ẹ̀rọ àtijọ́ sí. Lọ́dún 1983 tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, Atari fi ọkọ̀ akẹ́rù kó géèmù tí kò tà lọ sí ààtàn Alamogordo ní New Mexico, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n hú díẹ̀ nínú wọn jáde lọ́dún 2014. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n hú, géèmù E.T., wà lọ́wọ́ músíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington báyìí.

Àwọn tó kọ́kọ́ yí ojú tí wọ́n fi ń wò ó padà ni músíọ́ọ̀mù kan tó ń tọ́jú ohun sinimá ní Astoria, ní New York. Lọ́dún 1989, wọ́n ṣe àfihàn Hot Circuits, wọ́n to àwọn ẹ̀rọ géèmù olówó ẹyọ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àlejò gbá wọn. Berlin dá músíọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1997. Ṣùgbọ́n àfihàn Game On tí ilé àṣà Barbican ṣí ní London lóṣù Karùn-ún ọdún 2002 ló la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀ títí dòní. Géèmù tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tàn sílẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ àti ìtàn àwọn tó ṣe wọ́n sí i. Àfihàn náà ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àlejò rẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Lọ́dún 2012, Smithsonian ṣe tirẹ̀, músíọ́ọ̀mù MoMA ní New York sì gba géèmù 14 mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà rẹ̀, Pac-Man àti Tetris wà nínú wọn.

Kí ló dé tí wíwò nìkan kò fi tó? Ẹ wo ọpọ́n ayò tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Àlejò á rí ihò 12, á rí ọnà tí gbẹ́nàgbẹ́nà fín sí i, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pariwo lábẹ́ igi, tí wọ́n ń kí ọ̀ta tí wọ́n sì ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí eré ni adùn eré wà. Àwọn olùtọ́jú músíọ́ọ̀mù gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí gbogbo ayé ń fọwọ́ kàn á bàjẹ́. Páàdì ń kú, bọ́tìnì ń rì, lẹ́ǹsì kì í ka díìsìkì mọ́. Sony ti ṣíwọ́ ṣíṣe PlayStation 2 láti ọdún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 150. Ìbọn tí wọ́n fi ń gbá Duck Hunt, géèmù Nintendo, kò ṣiṣẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tó ní ẹ̀yìn gbàǹgbà, ni ìbọn náà fi ń mọ̀ bóyá ọta bà á. Músíọ́ọ̀mù tó bá fẹ́ fi í han ọmọ òde òní ní láti wá irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kiri, kó sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Nílẹ̀ wa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ́n. Ọmọ tó ń tún PlayStation ṣe létí ọ̀nà ní Mpape tàbí ní ọjà Aláàbà ní Èkó, tó ń fi lẹ́ǹsì òkú ẹ̀rọ jí òmíràn dìde, ní ìmọ̀ tí àwọn músíọ́ọ̀mù ńlá ń wá. A kàn ò kà á sí ìmọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ka ìtàn géèmù tiwa sí ìtàn: àwọn díìsìkì Winning Eleven tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ agbábọ́ọ̀lù inú wọn sí ti sáà tuntun, àti òfin ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lórí ẹni tí yóò dìde àti ẹni tí yóò jókòó.

Àwọn ọmọ wa pàápàá ti ń ṣe géèmù. Lọ́dún 2012, Hugo Obi dá Maliyo sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ṣe Okada Ride, géèmù ọlọ́kadà. Ọdún yẹn náà ni Abiola Olaniran, tó jáde ní yunifásítì Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Fóònù Windows ni Gamsole ṣe ọ̀pọ̀ géèmù wọn fún, mílíọ̀nù mílíọ̀nù ìgbà sì ni àwọn èèyàn gbà wọ́n sórí fóònù. Ibo la ti fẹ́ rí wọn lónìí? Microsoft ti pa fóònù náà tì, ọjà orí rẹ̀ sì ti kógbá sílé. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 fi hàn pé nínú géèmù 100 tó jáde níbẹ̀ kí ọdún 2010 tó dé, nǹkan bí 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Bí ilé ọlọ́rọ̀ bá rí báyìí, ti wa ńkọ́?

Ó tó àkókò kí àjọ tó ń rí sí músíọ́ọ̀mù lórílẹ̀-èdè yìí, àti àwọn tó ń bójú tó Ilé Àṣà Yorùbá J.K. Randle tó wà ní Oníkàn ní Èkó, ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún eré, láti orí ayò dé orí géèmù, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe síṣẹ́ níbẹ̀. Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má tíì kó o fún oníkọ́ńdẹ́mù. Ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ rà á àti ibi tẹ́ ẹ ti rà á sára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi pa mọ́.