Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ní Accra ṣe lè múra fún ìdíje láì ba ara rẹ̀ jẹ́?

Kí agogo mẹ́fà ìdájí tó lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a ti máa sáré gun òkè Legon ní Yunifásítì Ghana, nílùú Accra. Àwọn kan ń sáré kí ara wọn lè le dáadáa. Àwọn mìíràn ní ohun tí wọ́n ń lé: wọ́n fẹ́ gbégbá orókè nínú eré 5,000 mítà tàbí 10,000 mítà níbi ìdíje àwọn yunifásítì Ghana tí wọ́n ń pè ní GUSA.

Pápá ìṣeré tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn kì í ṣe èyí tí a lè fojú di. Ibẹ̀ ni àwọn eléré ìje ilẹ̀ Áfíríkà ti figagbága ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí Accra gbàlejò ìdíje African Games ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá irú rẹ̀.

Àmọ́ eré kúkúrú ni ayé fi mọ Ghana jù. Benjamin Azamati, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Legon kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.97 lọ́dún 2021, ó sì borí àkọsílẹ̀ Ghana tí Leo Myles-Mills fi lélẹ̀ lọ́dún 1999. Ẹni tó bá yan eré ọ̀nà jíjìn kò ní irú àwòkọ́ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí púpọ̀. Nínú ẹgbẹ́ eléré ìje ilé ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ pé olùkọ́ni kan ṣoṣo ló ń bójú tó afòsókè, ajùkọ̀ àti asáré pọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fúnra rẹ̀ la ètò ìgbáradì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rin péré ni ọ̀pọ̀ ń lò ní yunifásítì. Bí eegun ojúgun bá sán nítorí àṣejù, sáà ìdíje kan ti lọ nìyẹn.

Àṣìṣe wo ló wọ́pọ̀ jù?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìtara tí kò ní ìwọ̀n ni. Akẹ́kọ̀ọ́ a jáde lójoojúmọ́, a sáré débi tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, a sì padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti ṣiṣẹ́ gidi.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń sá 5,000 mítà ní ìṣẹ́jú 17. Lọ́jọ́ ìdíje, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 24 ló ń lò fún kìlómítà kan. Bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, eré náà ti yá jù fún ara láti sinmi, kò sì yá tó láti kọ́ ẹsẹ̀ ní eré ìdíje. Àárẹ̀ ń pọ̀ sí i, àkókò tó fi ń sáré kò sì dínkù. Lọ́jọ́ tí ètò bá ní kó sáré pẹ̀lẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlómítà kan ló yẹ ẹ́.

Kí ni ìtàn eré ìje kọ́ wa?

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùkọ́ni ti ń jiyàn lé lórí láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀nà kìíní ni pé kí èèyàn sá eré kúkúrú kíkankíkan, kó fi ìsinmi díẹ̀ sáàárín, kó tún sá òmíràn. Woldemar Gerschler ló sọ èyí di ìlànà ní Jámánì láàárín ọdún 1930 sí 1939. Emil Zátopek, ọmọ Czechoslovakia, sá 400 mítà láìmọye ìgbà lóòjọ́, ó sì gba góòlù 5,000 mítà, 10,000 mítà àti Máráthọ́ọ̀nù ní ìdíje Òlíńpíìkì kan ṣoṣo, ní Helsinki lọ́dún 1952.

Ọ̀nà kejì ni ti Arthur Lydiard, ọmọ New Zealand tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà. Ó ní kí àwọn tó ń kọ́ kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan sá ọ̀nà jíjìn, tó nǹkan bí 160 kìlómítà lọ́sẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan eré kíkankíkan. Ní Rome lọ́dún 1960, Peter Snell gba góòlù 800 mítà, Murray Halberg sì gba ti 5,000 mítà.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ti so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Norway, ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀gá nínú eré ìfaradà ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgbáradì wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ìdá kan tó kù ni wọ́n ń fi agbára ṣe. Eré pẹ̀lẹ́ ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ sí i nínú ẹsẹ̀, tí ọkàn sì ń lè fún ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan.

Ní Norway kan náà, àwọn eléré ìje bíi Jakob Ingebrigtsen, tó gba góòlù 5,000 mítà ní Paris lọ́dún 2024, ń yẹ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu ìgbáradì kí eré má baà le jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe òṣùwọ̀n. Bí ó bá lè bá ẹnìkejì tàkúrọ̀sọ láì dúró mí, eré pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Bí gbólóhùn kúkúrú nìkan bá lè jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ti dé ààlà, ìyẹn eré tí èèyàn lè fara dà fún nǹkan bí wákàtí kan.

Báwo ni ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè rí?

Àpẹẹrẹ yìí wà fún ẹni tó ti ń sá nǹkan bí 60 kìlómítà lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀:

• Ọjọ́ Ajé: ìsinmi.
• Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 1,000 mítà lọ́nà márùn-ún ní ìwọ̀n eré ìdíje 5,000 mítà, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín, kó fi eré pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sì fi parí.
• Ọjọ́rú: kìlómítà mẹ́jọ, pẹ̀lẹ́.
• Ọjọ́bọ̀: kìlómítà mẹ́wàá, pẹ̀lẹ́.
• Ọjọ́ Ẹtì: kìlómítà mẹ́fà ní eré ààlà, pẹ̀lú eré pẹ̀lẹ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀.
• Ọjọ́ Àbámẹ́ta: kìlómítà mẹ́fà, pẹ̀lẹ́.
• Ọjọ́ Àìkú: kìlómítà 16, pẹ̀lẹ́.

Nínú gbogbo rẹ̀, kìlómítà 11 péré ló le. Ẹni tó ṣì wà ní 30 kìlómítà lọ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ fò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oṣù mélòó kan ni kó fi gun un. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, eré tó le ni kó kọ́kọ́ yọ kúrò, nítorí ara tí kò sùn kì í jèrè iṣẹ́ àṣekára.

Kí ni ooru Accra ń yí padà?

Accra wà létí òkun. Ooru ibẹ̀ sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 30 Celsius lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, òógùn kì í tètè gbẹ kúrò lára, bẹ́ẹ̀ sì ni gbígbẹ rẹ̀ ló ń tu ara. Ọkàn ní láti fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara àti sí iṣan ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìwọ̀n eré kan náà yóò le ju bó ṣe máa le ní ìlú tó tutù lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe, kó má ṣe tẹ̀ lé aago nìkan.

Ara ń kọ́ ooru. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, omi inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, òógùn sì ń tètè jáde. Ẹni tó bá ti ìsinmi dé ní láti fún ara rẹ̀ láyè yìí. Bí ẹni tó ń sáré bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ kíákíá, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ṣé òkè Aburi lè dípò Iten?

Ìlú Iten ní Kenya, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà asáré ti ń gbáradì, ga tó nǹkan bí 2,400 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí ara fi ń pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ sí i. Aburi, tó wà lórí òkè Akuapem níwájú Accra, kò ga tó 500 mítà, nítorí náà kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara túútù ju ti Accra lọ níbẹ̀, gígun òkè rẹ̀ sì ń fún ẹsẹ̀ lókun.

Oúnjẹ àti ìlera ńkọ́?

Waakye, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, àti kenkey tó fara jọ ẹ̀kọ, jẹ́ oúnjẹ agbára tó dára. Ewu ibẹ̀ ni kí owó tàbí àìráyè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jẹun ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró nítorí eré kò gbọdọ̀ kà á sí àmì agbára. Ó lè túmọ̀ sí pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó, egungun rẹ̀ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù náà wà ńlẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Ghana àti Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ẹni AS lè sáré, kó sì yege, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ara tí kò gbáradì bọ́ sínú eré àṣekára nínú ooru, ó lè dákú, ẹ̀mí rẹ̀ sì lè wà nínú ewu. Kí ó mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, kí ó sọ fún olùkọ́ni rẹ̀, kí ó sì dúró bí iṣan bá ń ro ó tàbí tí èémí kò délẹ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe kò gbọdọ̀ jáde rárá.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun òkè Legon ní ìdájí, agbára wà fún ọjọ́ méjì péré láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ̀lẹ̀ ló ni wọ́n.