Twisted Metal padà sílé wa ní Ṣakí

Nígbà tí a wà ní ọmọdé ní Ṣakí, bí a bá ti gbúròó jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa, ẹsẹ̀ wa kì í gbélé mọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a da owó oúnjẹ ọ̀sán wa pọ̀, ó di ìdí Twisted Metal 2.

Ilé-iṣẹ́ SingleTrac ní Salt Lake City, Amẹ́ríkà, ló ṣe géèmù náà fún PlayStation. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1995, èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1996. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń jagun níbẹ̀: àwọn awakọ̀ a máa yìnbọn lu ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo. Sweet Tooth, aláwàdà tí iná ń jó lórí rẹ̀, ń fi ọkọ̀ áísìkiriìmù jà. Ní Paris, ènìyàn lè fọ́ Ilé-ìṣọ́ Eiffel pàápàá. Ẹni tó bá borí yóò tọrọ ohun kan lọ́wọ́ Calypso, olówó ìdíje náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń borí. Bí ọkọ̀ mi bá ti gbiná, ẹ̀rín rẹ̀ a gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó dàgbà, ó di awakọ̀ èrò láàárín Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kan kọlù ú ní kọ́nà. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Oṣù mélòó kan ló fi jókòó sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ gidi.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá a, mo ti fi géèmù àtijọ́ náà sí i. Mo rò pé yóò dá a lára yá. Àwòrán náà ti di gágàgúgù lójú mi, Paris tó fẹ̀ nígbà náà kò ju ìwọ̀nba òpópónà lọ. Bí ọkọ̀ mi ṣe bú gbàmù báyìí, ẹ̀gbọ́n mi gbé pádì sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. N kò ro ó dé ibẹ̀."

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún mú pádì, ṣùgbọ́n kò yìnbọn mọ́. Ó kàn ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ káàkiri Paris, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọjọ́ ìjàǹbá náà fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó parí ọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni ì bá tọrọ lọ́wọ́ Calypso. Ẹ rántí pé Calypso a máa yí ọ̀rọ̀ po: bàbá arúgbó kan tọrọ ara ọ̀dọ́, ó gbà á, ṣùgbọ́n orí arúgbó ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹyin lohùn.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, n kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ṣáà tún padà wá lọ́la."

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí géèmù àtijọ́ kan bá wà tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín jọ gbá rí, ẹ wá a jáde. Ẹ lè má rántí bí a ṣe ń borí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó jọ jókòó pẹ́.