Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí Owó Tó Jáde

Àwọn kan nínú wa fẹ́ fi owó àjọ gba orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá ta oúnjẹ, irú Mr Bigg's tí UAC bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra ilẹ̀ o. Ẹni tó ni orúkọ ló ń wá yẹ ilẹ̀ wò: ṣé èrò ń kọjá, ṣé mọ́tò ráyè dúró, ṣé omi wà? Bí kò bá fọwọ́ sí i, owó ilẹ̀ wọgbó nìyẹn.

Ní Ofosu wa yìí, títì Òrè sí Bìní ni ojú gbogbo wa wà. Títì ìjọba àpapọ̀ ni. Láti àárín títì, mítà 45.72 lápá kọ̀ọ̀kan, ti ìjọba ni. Katakata lè wó ohun tí a bá kọ́ síbẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó.