Àjẹṣẹ́kù Ni Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Fẹ́ Ṣe Ìdánwò Ìwé Mẹ́wàá



Bí mo ti ń lọ láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì láti yẹ ìwé wò ní Mushin, ní Súrùlérè àti ní Yàbá, mo máa ń ka ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ ẹ̀yáwó. Bí àkókò ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀yáwó nítorí ọjà á dín kù, ẹ̀yáwó nítorí ilé-ẹ̀kọ́ á sì pọ̀ sí i. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ara ohun tí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Èyí tó máa ń dùn mí ni kí òbí yá owó lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta lórí ọmọ kan náà, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyíinì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Mushin, ìyá kan tí ń ta ata dìde láti tọrọ ẹ̀yáwó. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù. Ní ọdún tó ṣáájú, ìyá yìí ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì kó o fún àwọn kan tí wọ́n ń pe ibi tiwọn ní 'special centre', níbi tí wọ́n ti ṣèlérí pé ìdáhùn yóò bá ọmọ lórí ìjókòó. Nígbà tí èsì jáde, àjọ ìdánwò dá ti gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò níbẹ̀ dúró. Owó lọ, ọdún lọ, gbèsè àti èlé rẹ̀ ló kù nílẹ̀, inú àwọn onídùúró kò sì dùn. Ó wá fẹ́ yá òmíràn báyìí láti gbé ọmọ náà lọ sí ibòmíràn tí wọ́n ní ó dájú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Alága yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ wí sí i?" Alábẹ̀wò kò ní ìbò nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ìmọ̀ràn nìkan ló lè gbà wọ́n. Kí n tó sọ̀rọ̀, mo wo ilẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan èmi alára. Èmi tí ẹ ń pè ní ọ̀gá yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe Gẹ̀ẹ́sì kí ilé-ẹ̀kọ́ pólì tó gbà mí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo há àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí, mo dà wọ́n sínú àròkọ bí ẹni da iyọ̀ sọ́bẹ̀. E8 ni wọ́n fún mi. Ohun tí mo kọ́ kí n tó yege lẹ́ẹ̀kejì ni mo sọ fún ìgbìmọ̀ náà, òun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí.

ÌDÍ TÍ A KÒ FI LÈ YẸ̀ Ẹ́ SÍLẸ̀

Ọdún 1952 ni wọ́n dá àjọ West African Examinations Council, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní WAEC, sílẹ̀. Accra ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, Yàbá wa níhìn-ín sì ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ fún Nàìjíríà wà. Láti A1 títí dé C6 ni à ń pè ní kírẹ́díìtì. D7 àti E8 kàn fi hàn pé ọmọ kò kùnà pátápátá ni, F9 sì ni ìkùnà. Bí ọmọ kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣòro púpọ̀ kí yunifásítì tó gbà á. Nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ kan tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, ìbéèrè 60 ló sì ní, nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù ní 40.

BÍ WỌ́N ṢE PÍN MÁÀKÌ

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìdánwò WAEC náà wò bí ẹni yẹ ìwé akápò wò. Apá mẹ́ta ni ó ní.

Apá kìíní jẹ́ ìbéèrè 80 tí ọmọ yóò mú ìdáhùn tó tọ̀nà nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wákàtí kan ni wọ́n fi ń ṣe é, máàkì 40 ló ní. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, òdì ọ̀rọ̀, àkànlò èdè àti ìlànà gírámà ló wà níbẹ̀.

Apá kejì ni ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, fún wákàtí méjì. Máàkì 100 ló ní: àròkọ 50, àyọkà tí a ń dáhùn ìbéèrè lé lórí 20, kíké ọ̀rọ̀ gígùn kúrú 30.

Apá kẹta wà fún ìró ohùn àti bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ìbéèrè 60 ni, ìṣẹ́jú 45, máàkì 30.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170. Nínú rẹ̀, 100 wà nínú ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò rò tí yóò sì kọ. Ẹ wá rí i pé ẹni tó bá há ìdáhùn sórí, ibi tí owó kékeré wà ló dojú kọ, ó fi àpótí owó sílẹ̀.

Máàkì 50 tí ó wà fún àròkọ náà tún ní bí wọ́n ṣe pín in: 10 fún ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 fún bí ó ṣe tò ó, 20 fún bí ó ṣe lo èdè, 10 fún àìṣe àṣìṣe nínú gírámà, sípẹ́lì àti àmì. Nínú 10 ti ìkẹyìn yìí, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe 20 péré ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí owó tí ń jò díẹ̀ díẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ ló rí: kò sí ẹni tó jí i lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ kò ní pẹ́ tán.

IBI TÍ ỌMỌ YORÙBÁ TI MÁA Ń ṢUBÚ

Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ wa kò pé. Bí èdè tiwa ṣe rí ni wọ́n ń gbé wọ inú èdè ẹlòmíràn. Àwa máa ń sọ pé "ìwé mẹ́ta", ọ̀rọ̀ náà "ìwé" kì í yí padà. Ọmọ á wá kọ 'three book' dípò 'three books'. Àwa máa ń sọ pé "mo lọ sọ́jà lánàá", "lánàá" ti fi àkókò hàn. Ọmọ á kọ 'I go to the market yesterday', bẹ́ẹ̀ 'I went' ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Àwa ń gbọ́ òórùn, Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ ọ, 'I can smell it' ni wọ́n ń wí. Bí ẹnì kan bá ń pè ọ́, àwa lè sọ pé "wọ́n ń pè ọ́". Ọmọ tó bá kọ ọ́ ní 'They are calling you' ti sọ ènìyàn kan di púpọ̀. Bákan náà, "ó" wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, nítorí náà ọmọ á pe ìyá rẹ̀ ní 'he' láìfura.

Ní ti ìró ohùn, Yorùbá kò ní ìró 'v', 'z', 'ch' àti 'th'. Nítorí náà ni 'van' fi ń dà bí 'fan' lẹ́nu wa, tí 'zeal' ń dà bí 'seal', 'chop' bí 'shop', 'thin' bí 'tin'. Àwa kì í sì í fi gígùn àti kúkúrú fáwẹ́lì ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí wọ́n ti ń ya 'ship' àti 'sheep'. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni àwa fi ń ya ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyẹn. Agbára tí a fi pe apá kan ọ̀rọ̀ ni tiwọn: PREsent ni ẹ̀bùn, preSENT ni kí á fi nǹkan hàn. Ọmọ tó bá mọ ibi tí èdè méjèèjì ti yà ti mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti ṣọ́ra.

ṢÉ KÍ Á PA YORÙBÁ TÌ NÍLÉ NI?

Àwọn òbí kan ti fòfin de Yorùbá nínú ilé wọn. Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá wọn lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀, àṣìṣe wọn ni ọmọ sì ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, ó tilẹ̀ dára jù ú lọ. Ọmọ tó bá mọ bí a ti ń ronú jinlẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ ti ní ohun tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ.

IṢẸ́ TÍ ÒBÍ LÈ ṢE, BÍ KÒ TILẸ̀ GBỌ́ GẸ̀Ẹ́SÌ

1. Kí ọmọ ka ojú ìwé kan sókè lójoojúmọ́, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá yé yín, kò tíì yé òun náà. Ẹ ní kí ó padà kà á.

2. Kí ó kọ ìwé ẹ̀yáwó yín sí ẹgbẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Irú lẹ́tà tí ìdánwò ń béèrè gan-an nìyẹn: àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́, déètì, àdírẹ́sì ẹni tí a kọ ọ́ sí, ìkíni, àkọlé, 'Yours faithfully', ìbuwọ́lùwé àti orúkọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń pàdánù máàkì nítorí pé wọ́n gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

3. Bí ẹ bá ti ìpàdé dé, ẹ sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí ó fi gbólóhùn mẹ́ta kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí akọ̀wé wa ń ṣe nìyẹn nígbà tí ó bá ké ariwo wákàtí méjì kúrú sí ìlà márùn-ún, òun náà sì ni ìdánwò ń béèrè. Ṣùgbọ́n kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ọ́, nítorí ẹni tó bá kàn da ọ̀rọ̀ inú àyọkà kọ yóò pàdánù máàkì.

4. Kí ó tẹ́tí sí ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò, kí ó sì pe ọ̀rọ̀ márùn-ún tẹ̀ lé ẹni tó ka ìròyìn náà.

5. Kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sí, bí a ti ń kọ gbèsè sínú lẹ́jà. Èyí tí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fa ìlà sí i.

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ ti tó fún un. Ní ọjọ́ mẹ́fà ó di wákàtí méjì, ní ogójì ọ̀sẹ̀ ó di ọgọ́rin wákàtí. Kò sí lẹ́sìnnì oṣù kan tó lè fún ọmọ ní ìyẹn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

IṢẸ́ TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ fi owó díẹ̀ ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tó dára, kí àwọn ọmọ máa yá a lò. Gbọ̀ngàn ìpàdé wa máa ń ṣófo lọ́pọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ṣé kò sí tíṣà láàárín wa tó lè kó àwọn ọmọ jọ síbẹ̀ fún wákàtí méjì? Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó sì máa béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe. Ẹ̀yáwó láti ra ìdáhùn kì í ṣe ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́. Òfin ìjọba ọdún 1999 lórí màgòmágó ìdánwò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, bí èsì bá sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ tó dá a dúró, ọmọ ẹgbẹ́ àti onídùúró ni yóò san án.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá aláta náà ti já sí. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ E8 mi tán, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìgbìmọ̀ yá a ní owó fọ́ọ̀mù àti owó ìwé nìkan, wọ́n kọ ìyókù. Inú bí i lọ́jọ́ náà, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Síbẹ̀, ó gbìyànjú ohun tí mo sọ. Lálaalẹ́, bí ó bá ti ọjà dé, ọmọ rẹ̀ á ka ìwé létí rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣa ata, á sì fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ náà wò. Ẹ̀yáwó rẹ̀ ti tán nínú lẹ́jà. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó mú èsì ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. C6 ni.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé èyí tó?"

Mo ní, "Màmá, ó tó."

Ire o.