Kí Ọmọbìnrin Tó Pé Ọdún 15: Ìlàlóye lórí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára HPV fún Àwọn Òbí ní Ìlọrin

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni abẹ́rẹ́ yìí ti wọ ìpínlẹ̀ Kwara, ẹ̀yin ìyá sì ń mú ọmọ wá, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nídìí tábìlì wa, tó sì ń mú kí ìyá mìíràn sunkún lọ sílé: ọmọ ti kọjá ọjọ́ orí. Nítorí rẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí.

Ta ló tọ́ sí?

Ọmọbìnrin tó ti pé ọdún 9, tí kò sì tíì pé ọdún 15. Bí ó bá ti pé 15, abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ìjọba ti fò ó nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, kì í ṣe òun ló ṣòfin.

Ẹ fara balẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí ọmọ nílé. Ọmọ tí ẹ ní ó ti wọ ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún kò tíì pé 15 o. Ọdún 14 ló ṣì wà, abẹ́rẹ́ tọ́ sí i. Àwọn ìyá kan ti torí èyí jókòó sílé títí àǹfààní fi bọ́, ó sì dùn wá. Bákan náà ni fún ẹni tó ń fi Ràmàdáánì ka ọdún ọmọ. Ọdún Hijira fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti kàlẹ́ńdà tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó pé ọdún 15 nípa kíka Ràmàdáánì ṣì lè ku oṣù márùn-ún kó tó pé e lọ́dọ̀ wa. Ẹ mú un wá kíákíá. Ẹ mú ìwé ìbí tàbí káàdì abẹ́rẹ́ ìgbà ọmọ-ọwọ́ rẹ̀ dání. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ ṣáà wá, a ó jọ ṣírò rẹ̀.

Ẹ má sì torí pé a dárúkọ 15 dúró de 14. Ọmọ ọdún 9 kò kéré jù. Ẹ má ní kó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù ná, tàbí kó parí JSS 3, tàbí kí ẹnì kan wá tọrọ rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú?

Kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Irú 16 àti 18 nìkan ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú gbogbo 100. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri. Abẹ́rẹ́ kì í lé kòkòrò tó ti wọlé jáde, kó má wọlé ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1991, Jian Zhou àti Ian Frazer ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà rí ọ̀nà láti mú kí èèpo kòkòrò náà kóra jọ láìsí ohun tó ń mú un bí sí i nínú rẹ̀. Èèpo lásán yìí ni abẹ́rẹ́ ń gbé wọ ara, kí ara lè mọ ọ̀tá kó tó dé. Kò lè fa àìsàn, kò sì kan ilé-ọmọ débi tí yóò dí ọmọ bíbí lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí ní ilẹ̀ England, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Láàrin àwọn tí ètò abẹ́rẹ́ bá ní ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ yìí fi 87 nínú 100 dínkù. Láàrin àwọn tó bá ní 14 sí 16, ó jẹ́ 62. Àwọn tó bá ní 16 sí 18, 34 péré. Abẹ́rẹ́ kan náà ni ètò náà gbé wá fún gbogbo wọn. Ní Nàìjíríà, ìṣirò ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí 12,000 obìnrin ni àrùn yìí mú, ó sì pa nǹkan bí 8,000. A kò fẹ́ kí ọmọ yín wà níbẹ̀.

Ẹyọ kan, lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń gún un. Ní Kenya, ìwádìí lórí obìnrin 2,275 fi hàn pé ẹyọ kan dín àkóràn irú 16 àti 18 kù ní ìdá 97 nínú 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ẹyọ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́nu géètì tó ní kí ẹ sanwó káàdì, owó fọ́ọ̀mù tàbí ti “abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì”, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ wọlé wá sọ fún wa.

Ọmọ tó ní HIV, tàbí tí ara rẹ̀ kò lágbára tó láti gbógun ti àrùn, nìkan ló nílò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pe nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ náà, kí ọmọ jẹun kó tó wá, kó wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ ṣeé ká sókè, kó sì jókòó ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Apá lè ro ó díẹ̀.

Obìnrin tó ti pé 30, yálà ó gba abẹ́rẹ́ tàbí kò gbà á, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ. Bí ó bá ní HIV, láti 25 ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ti kọjá ọjọ́ orí, ẹ má torí rẹ̀ bínú padà sílé. Àbúrò rẹ̀ tó ti pé ọdún 9 ńkọ́? Ẹ mú un wá.